Ọjọ́ mẹ́ta nínú odi Rothenburg ob der Tauber pẹ̀lú ìyá wa àgbà àti àwọn ọmọ

ÌyáÀdùnní_Stuttgart:

Ẹ̀yin ará wa, mo kí gbogbo yín. Nígbà tí mo béèrè níbí pé ìlú wo ni mo lè mú ìyá mi lọ, tí kò fi ní jẹ́ ilé ìtajà àti ilé gíga nìkan ni wọn yóò rí nílẹ̀ Jámánì, ẹni mẹ́ta ló dárúkọ Rothenburg ob der Tauber fún mi. A ti lọ, a sì ti dé. Mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ ní kíkún, mo sì ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Àwa márùn-ún ni a lọ: èmi àti ọkọ mi, ọmọ wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti ìyá mi, ẹni ọdún 73, tí wọ́n wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Ìgbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ ní òpin oṣù kẹwàá ni, òtútù ti ń mú díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí yóò sọ̀ ní Steinach, yóò sì wọ ọkọ̀ kékeré tó ń já sí Rothenburg. Ẹ̀yìn odi ni ibùdókọ̀ wà. Ẹ óò fẹsẹ̀ rìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dé bodè tí wọ́n ń pè ní Rödertor.

Níbi bodè yẹn ni màmá ti kọ́kọ́ dúró. Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹ óò kọjá lórí yàrà, ẹ óò gba àárín ilé kéékèèké méjì olórùlé ṣóńṣó, kí ẹ tó bọ́ sábẹ́ ilé ìṣọ́ gíga fúnra rẹ̀. Màmá wo ilé kéékèèké náà, wọ́n ní, "Oníbodè ló ń gbé níhìn-ín." Mi ò tíì ṣàlàyé ohunkóhun fún wọn nígbà náà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wọ́n, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ṣe dé ibi odi Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti ní 1864, tí wọn kò sì wọlé. Odi, yàrà, bodè: wọ́n ti ní orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n ń wò.

A gun odi láti ibẹ̀. Àtẹ̀gùn òkúta tó ga tó sì tóóró ni, ọkọ mi wà níwájú màmá, èmi wà lẹ́yìn wọn. Òkè ibẹ̀ jẹ́ ọ̀nà tóóró tí wọ́n ṣe òrùlé lé lórí, tí òjò kò lè pa ẹni tó ń rìn níbẹ̀. Odi wà lápá kan pẹ̀lú àwọn ihò tí àwọn ọmọ ogun ń ta ọfà gbà, òrùlé pupa àwọn ilé sì wà lápá kejì, ó súnmọ́ni débi pé èèyàn ń rí aṣọ tí onílé sá sí àgbàlá. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gun un. Ọkọ mi ga, ó sì ń tẹrí ba níbi púpọ̀.

Àwọn ọmọ ti sáré lọ. Màmá kò yára, ohun tí wọ́n kọ sára odi ni wọ́n ń kà. Nígbà tí mo bá wọn, mo rí i pé orúkọ ni: orúkọ ènìyàn, ti ìdílé, ti ẹgbẹ́, tí wọ́n fín sára òkúta, iye mítà sì wà lábẹ́ àwọn mìíràn. Ti Jámánì wà níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ti Japan pàápàá kò kéré. Màmá bi mí bóyá àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ ni. Mo ní rárá, àwọn tó dá owó tí wọ́n fi tún odi mọ ni. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1945, bàálù Amẹ́ríkà 16 ju bọ́ǹbù sórí ìlú yìí. Ènìyàn 39 kú, ó lé ní 300 ilé tó run, odi tó wó sì lé ní 600 mítà. Lẹ́yìn ogun, wọ́n ké sí gbogbo ayé, ẹni tó bá san owó mítà kan, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ti padà dé, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Màmá, odi yìí kì í ṣe ti àtijọ́ nìyẹn. Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé ti àtijọ́ ni?" Mo fún un ní èsì kan, ṣùgbọ́n èsì náà kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ̀yin rí sí i?

ỌmọÌjẹ̀bú_München:

Ẹ ṣeun, ìyá wa, ìròyìn yín kún. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ: ẹ̀yìn ọmọ yín ni mo wà. Mo ti dé Rothenburg lẹ́ẹ̀mejì. Ní apá ìlà-oòrùn ìlú, ẹni tó bá fi ara balẹ̀ yóò rí i pé ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun pọ̀ níbẹ̀: ògiri wọn tẹ́jú, fèrèsé wọn dọ́gba, igi tí wọ́n máa ń fi há ògiri láyé àtijọ́ kò sí lára ọ̀pọ̀ wọn. Kò burú kí ènìyàn tún ilé rẹ̀ kọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ń ya àwòrán rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń padà sílé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọwọ́ kò kan ìlú náà láti ìgbà ìwásẹ̀.

Erédò Súngbọ́, odi àti yàrà àtijọ́ tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú wa, kò rí ẹni tún un ṣe, igbó ti bo ọ̀pọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró nínú kòtò rẹ̀ mọ̀ pé ohun tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ gan-an ni òun ń wò. Tí ẹ bá fẹ́ odi àtijọ́ nílẹ̀ Jámánì, Nördlingen ni kí ẹ lọ. Odi ibẹ̀ yí ìlú ká láìdá, nǹkan bí kìlómítà 2.7, bodè márùn-ún, ẹ sì lè rìn ín yípo lábẹ́ òrùlé títí ẹ óò fi padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

OlùkọÌtàn_Leipzig:

Mo kí ẹ̀yin méjèèjì. Kí a tó dá ẹjọ́ odi yìí, ó yẹ kí a mọ ìdí tí ìlú náà fi wà bẹ́ẹ̀ títí di 1945, nítorí pé kì í ṣe ọgbọ́n ẹnikẹ́ni ló kọ́kọ́ pa á mọ́. Òṣì ni.

Ní ọdún 1274, Ọba Rudolf ti ìdílé Habsburg sọ Rothenburg di ìlú tí kò sí lábẹ́ ìjòyè kankan, àfi ọba àgbà nìkan. Owó dé. Ìlú kún ju odi àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì mọ òmíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀; ilé ìṣọ́ Markusturm tí ẹ óò rí ní àárín ìgboro, tí ilé ti yí ká, ara odi àkọ́kọ́ yẹn ni. Nígbà tó di ọdún 1631, láàárín ogun tó jà nílẹ̀ Jámánì láti 1618 sí 1648, Ọ̀gágun Tilly gba ìlú náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, àjàkálẹ̀ àrùn wọlé. Ìlú kò bọ̀ sípò mọ́. Òwò gba ibòmíràn. Láàárín nǹkan bí igba ọdún tó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó lówó láti wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun, kò sì sí ìdí láti wó odi kí ìgboro lè fẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìlú Jámánì tó ń là ló ń wó odi tiwọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí àwọn ayàwòrán wá bẹ̀rẹ̀ sí í débẹ̀ tí wọ́n ń yìn ín, ni àwọn ará ìlú tó mọ̀ pé ohun tí òṣì fi sílẹ̀ fún wọn ti di ọrọ̀.

Ìtàn tí àwọn fúnra wọn fẹ́ràn jù ni ti olórí ìlú kan, Nusch, tí wọ́n ní ó gbé ife wáìnì tó gba lítà 3.25 mu lẹ́ẹ̀kan náà kí Tilly má baà dáná sun ìlú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Láti ọdún 1881 ni wọ́n ti ń ṣe é ní eré, òun náà sì ni aago tó wà ní ọjà ń ṣe àfihàn rẹ̀ nígbà tí fèrèsé rẹ̀ méjì bá ṣí.

Ní ti 1945, ẹ jẹ́ kí n fi kún ohun tí ìyá wa sọ. Lẹ́yìn bọ́ǹbù oṣù kẹta, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà súnmọ́ ìlú náà ní oṣù kẹrin, wọ́n sì lè fi ìbọn ńlá wó ìyókù. John McCloy, igbákejì akọ̀wé fún ọ̀rọ̀ ogun nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló bẹ Ọ̀gágun Devers pé kí wọ́n má ṣe é. McCloy ti mọ orúkọ ìlú náà láti ilé, nítorí pé ìyá rẹ̀ ti débẹ̀ rí. Wọ́n rán àwọn ọmọ ogun díẹ̀ wọlé láti lọ bá ọ̀gá ọmọ ogun Jámánì tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀, òun náà sì gbà láti fi ìlú sílẹ̀, ó lòdì sí àṣẹ Hitler. Nítorí náà, arákùnrin mi, odi tí ẹ ń wò ní apá ìwọ̀-oòrùn jẹ́ ti àtijọ́ ní tòótọ́. Apá ìlà-oòrùn ni wọ́n tún mọ, orí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì mọ ọ́n lé.

Mojísọ́lá_Leeds:

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ mú ìyá ọkọ mi àti ọmọ ọdún méjì tó wà nínú kẹ̀kẹ́ lọ ní oṣù karùn-ún. Ṣé wọ́n lè gun odi yìí? Ṣé ọjọ́ kan tó?

BàbáKáyọ̀dé_Nürnberg:

Mojísọ́lá, ẹ kú ìmúra. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò lè gun odi rárá; ẹ gbé ọmọ pọ̀n. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ́ sí gbogbo ìgboro, ó máa ń gbo kẹ̀kẹ́ jìgìjìgì, bàtà gogoro kò sì ṣe é wọ̀. Ṣùgbọ́n ìgboro fúnra rẹ̀ tẹ́jú títí ẹ óò fi dé ibi tí ọ̀nà ti ya méjì, tí ọ̀kan ń gòkè lọ sí Siebersturm, tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kobolzeller Tor. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Plönlein, òun ni ẹ máa ń rí nínú gbogbo àwòrán. Ilé ìṣọ́ gbọ̀ngàn ìlú ní àtẹ̀gùn 220, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí orúnkún wọn le.

Ní ti ọjọ́ kan, mo bẹ̀ yín, ẹ sùn síbẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni bọ́ọ̀sì àwọn àlejò ti ń dé, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á ti lọ. Ìgbà náà ni ẹ óò mọ̀ pé ìlú tí ènìyàn ń gbé ni. Ẹ óò gbóòórùn oúnjẹ alẹ́, ẹ óò rí arúgbó tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá lábẹ́ bodè. Ẹnì kan tó múra bí ọdẹ ìlú àtijọ́, tó gbé fìtílà àti ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, máa ń kó àlejò yí ìgboro ká lálẹ́, ó sì ń sọ bí òru ṣe rí nígbà tí wọ́n bá ti ti bodè. Àwọn ọmọ mi kò gbàgbé rẹ̀ títí di òní. Ìpápánu wọn tó ń jẹ́ Schneeballen, ìyẹ̀fun tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ká roboto, tí wọ́n sì fi òróró dín, ó jọ chin-chin ńlá tí wọ́n da ṣúgà lé. Ẹ ra ọ̀kan fún ẹni mẹ́ta.

Àbíkẹ́_Berlin:

Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, mo sì gbádùn rẹ̀. Ohun kan ló kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pé kò yẹ kí a mú àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀ láìsọ ọ́ fún wọn. Odi yẹn kò dáàbò bo gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ ńlá tí àwọn Júù ní nílẹ̀ Jámánì, Rábì Meir ọmọ Baruch, gbé ní Rothenburg fún ọdún púpọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá bá a láti ọ̀nà jíjìn. Ó fẹ́ kúrò nílẹ̀ náà, wọ́n mú un, ó sì kú sí àtìmọ́lé ní 1293. Ọdún 14 kọjá kí wọ́n tó yọ̀ǹda òkú rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹnì kan san owó, kí wọ́n lè sin ín sí Worms. Ní 1298, wọ́n pa àwọn Júù Rothenburg lápalù. Àwọn kan sá lọ sínú ilé olódi ọba, wọn kò là á já. Ọgbà ńlá tó wà níbẹ̀ lónìí, tí gbogbo ènìyàn ti ń wo àfonífojì odò Tauber, òkúta ìrántí wọn wà nínú rẹ̀. Ní 1520 wọ́n lé ìyókù jáde. Àwọn mìíràn padà wá lẹ́yìn ọdún 350, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1938 wọ́n tún lé gbogbo wọn, àní ṣáájú òru oṣù kọkànlá tí wọ́n dáná sun sínágọ́gù káàkiri Jámánì. Ìjọba Násì fẹ́ràn Rothenburg púpọ̀. Wọ́n ń kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti wo ohun tí wọ́n pè ní ojúlówó ìlú Jámánì.

Ẹ rìn gba Judengasse, òpópónà kékeré kan ni, ẹ óò rí ilé tí wọ́n ti ń gbé. Ẹ tún ronú kí ẹ tó mú ọmọ kékeré wọ ilé àkójọ ohun ìdájọ́ àtijọ́: ìbòjú irin tí wọ́n fi ń dójú ti ènìyàn àti ohun ìfìyàjẹni ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 12 lè yé e. Ti ọdún 9, ẹ̀yin òbí ni ẹ mọ̀ ọ́n.

ÌyáÀdùnní_Stuttgart:

Àbíkẹ́, ẹ ṣeun gidigidi. A jókòó nínú ọgbà yẹn fún wákàtí kan, a jẹ búrẹ́dì, a ya àwòrán, mi ò sì mọ ibi tí mo wà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sétí ọmọbìnrin mi ní alẹ́ àná. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá a lè padà lọ wo òkúta náà. A óò padà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ kejì, nítorí pé òun ló wọ màmá lọ́kàn jù. A lọ sí ìjọ St. Jakob. Bàbá tó bí màmá jẹ́ agbẹ́gilére, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Ẹ óò gun àtẹ̀gùn lọ sókè ní ẹ̀yìn ìjọ kí ẹ tó rí pẹpẹ Ẹ̀jẹ̀ Mímọ́ tí Tilman Riemenschneider gbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Wọn kò kùn ún ní ọ̀dà. Igi ni ẹ ń wò, fèrèsé kéékèèké sì wà lẹ́yìn àwọn ère náà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn Jésù ni. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ni wọ́n fi sí àárín yìí?" Mo kà á nínú ìwé: Júdásì ni. Jésù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń na òkèlè sí i. Màmá ní bàbá wọn á ti fẹ́ mọ irú igi tó jẹ́ kí ìka ọwọ́ tinrín bẹ́ẹ̀ má ṣẹ́. Igi linden ni, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Wọ́n ń yí ọwọ́ ara wọn bí ẹni tó di ọ̀bẹ mú, ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìbéèrè ọmọbìnrin mi, mo sì bi màmá. Wọ́n ní ilé bàbá àwọn ní Abẹ́òkúta, ó ti tó ìgbà mẹ́ta tí wọ́n pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, ògiri ẹ̀yìn ti wó rí tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, kò sì sí ẹni tó sọ pé kì í ṣe ilé bàbá àwọn mọ́.

ỌmọÌjẹ̀bú_München:

Mo júbà ọ̀rọ̀ màmá, mi ò sì fẹ́ bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ẹni tó ń gbé ilé baba rẹ̀ mọ ibi tí búlọ́ọ̀kù wà, kò sí ẹni tó ń tàn án jẹ. Àlejò kò mọ̀. Mo gbà pé ó tọ́ kí wọ́n tún un mọ, mo sì gbà nísinsìnyí, lẹ́yìn àlàyé olùkọ́, pé ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ẹni tó ń rìn lórí rẹ̀ lè mọ ibi tí ti 1400 parí sí àti ibi tí ti 1950 ti bẹ̀rẹ̀.

OlùkọÌtàn_Leipzig:

Ó lè mọ̀ ọ́n. Òkúta tí màmá ń kà nìyẹn. Ní apá ìlà-oòrùn tí bọ́ǹbù ti wó odi ni ẹ óò ti rí àwọn orúkọ náà jù. Kò sí ìlú mìíràn tí mo mọ̀ tí orúkọ àwọn tó tún un ṣe wà lára rẹ̀ ní gbangba bẹ́ẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú yín pé ó yẹ kí wọ́n kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan.

BàbáKáyọ̀dé_Nürnberg:

Níwọ̀n bí a ti dárúkọ Nördlingen, ẹ má lọ síbẹ̀ nítorí odi nìkan. Inú ihò ńlá tí òkúta láti ojú ọ̀run gbẹ́ ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 15 sẹ́yìn ni ìlú náà jókòó sí, fífẹ̀ ihò náà tó kìlómítà 24. Òkúta tí ìkọlù yẹn bí ni wọ́n fi kọ́ ìjọ St. Georg, dáyámọ́ńdì tí ojú lásán kò lè rí sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ lọ sí òṣùpá nínú Apollo 14 wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkúta níbẹ̀ ní 1970. Ọmọkùnrin ọdún 9 yóò fẹ́ ìyẹn ju pẹpẹ lọ. Ilé ìṣọ́ ìjọ náà, Daniel, ga tó mítà 90, àtẹ̀gùn 350, olùṣọ́ sì ṣì ń ké láti òkè rẹ̀ ní alẹ́, "So, G'sell, so", gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ké láyé àtijọ́ láti mọ̀ pé àwọn tó wà ní bodè kò sùn.

ÌyáÀdùnní_Stuttgart:

Ẹ kú àdúrótì. Màmá ti padà sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ Àìkú. Mo sọ ìtàn McCloy fún wọn lórí fóònù, pé nítorí pé ìyá ọkùnrin kan ti rí ìlú náà ni ọmọ rẹ̀ fi bẹ̀bẹ̀ fún un. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ̀gbọ́n wọn tó jókòó tì wọ́n lè gbọ́. Wọ́n tún ní kí n fi àwòrán àwọn òkúta olórúkọ ránṣẹ́, kì í ṣe ti ilé aláràbarà, kí àwọn lè fi han ẹgbẹ́ wọn ní ìjọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mẹ́rin péré ni mo yà. Mojísọ́lá, tí ẹ bá dé Rödertor ní oṣù karùn-ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gun un, ẹ yà sí apá ọ̀tún, kí ẹ bá mi ya ìyókù.